Ẹni Tó Ń Béèrè Iṣẹ́ Tí Ọmọ Yín Ń Ṣe



Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ilé ń ti oko àti ọjà bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, àpò ní èjìká, káàdì ní ọrùn, tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Yóò kí ilé. Yóò béèrè iye ènìyàn tó ń sùn nínú ilé náà, iye ọmọ tó ti pé ọdún 15, ẹni tó ń lọ sí ilé-ìwé àti ẹni tí kò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé, "Ní ọjọ́ méje tó kọjá, iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ṣe?" Kíá, ìyá àgbà yóò ti máa wo bàbá lójú. Ṣé agbowó-orí ni? Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló rán an? Ṣé owó ni wọ́n fẹ́ pín, àbí wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbì kan?

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti dúró sí ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. A ti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn òbí wa pàápàá bi wá pé, "Ṣé torí kí ẹ lè máa rin abúlé kiri ni a ṣe rán yín lọ sí yunifásítì?" Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ èyí sí ojú ewé ìdílé: kí ẹ̀yin tí wọ́n ń bi léèrè lè mọ ohun tí wọ́n ń fi ìdáhùn yín ṣe, kí ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí sì lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

KÍ NI IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN?

Bí ìjọba kan bá fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ọ̀nà tó lè gbà pọ̀. Ó lè kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa kọ́ṣẹ́. Ó lè fún wọn ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè san nǹkan fún àwọn ọ̀gá kí wọ́n lè gba ọmọ iṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n owó kì í tó láti ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí á mọ èyí tó ń so èso lóòótọ́ àti èyí tó kàn dùn létí. Onímọ̀ ni yóò gbé ìbéèrè kalẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ ni yóò lọ wá ìdáhùn rẹ̀. Òun ni yóò ka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ ṣáájú. Òun ni yóò bá wọn túmọ̀ ìbéèrè láti èdè Faransé sí Yorùbá, sí Gùn, sí Fọn. Òun ni yóò kọ́ àwọn tí yóò lọ láti ilé dé ilé, tí òun náà yóò sì bá wọn lọ. Ní alẹ́, yóò yẹ ìdáhùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò to iye gbogbo pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbé e lọ síwájú àwọn tó ń pín owó ìlú. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà hàn lẹ́yìn ìwé náà. Síbẹ̀, bí òun bá ṣàṣìṣe, gbogbo ìwé náà ló ṣàṣìṣe.

Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ TÓ LE

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni "ọ̀dọ́". Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé a máa ka ẹni ọdún 15 sí 24 ní ọ̀dọ́. Ìwé Àdéhùn lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbà wọlé ní Banjul ní ọdún 2006, ka ẹni ọdún 15 sí 35. Nítorí náà, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ní aya àti ọmọ méjì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìwé kan, kò sì sí nínú èkejì. Bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé iye ọ̀dọ́ báyìí ni kò níṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ń kà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "iṣẹ́", èyí sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tó wà ní Geneva, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó lè ka ènìyàn kún aláìríṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ rárá, pé ó ń wá iṣẹ́, pé ó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó kiri gààrí ní òwúrọ̀ méjì péré, wọ́n kà á sí ẹni tó níṣẹ́. Ọmọkùnrin tó wá iṣẹ́ títí tí ó fi sú u, tó wá jókòó sílé, kò sí nínú aláìríṣẹ́ mọ́. Láti ìpàdé àwọn oníṣirò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Geneva ní ọdún 2013, ẹni tó ń dáko fún oúnjẹ ilé rẹ̀ nìkan kò sí nínú àwọn tó ní iṣẹ́ owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ohun tó fa á nìyí tí iye aláìríṣẹ́ fi máa ń kéré nínú ìwé ní àwọn ilẹ̀ wa, tí ẹ̀yin òbí sì ń fi ojú ara yín rí àwọn ọmọ tí kò rí ṣe. Iye náà kò parọ́. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ìyá ọmọ. Nítorí náà ni olùwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi dúró síbẹ̀. Yóò béèrè iye wákàtí, yóò béèrè owó tó wọlé, yóò béèrè bóyá ọmọ náà ì bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì ka àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé, tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò sì kọ́ṣẹ́.

Èdè wa náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Bí a bá bi ọmọbìnrin tó ń dín àkàrà láràárọ̀ pé, "Ṣé o níṣẹ́?" ohun tí yóò sọ ni pé, "Rárá o, mi ò níṣẹ́, àkàrà ni mò ń dín." Iṣẹ́ lójú tirẹ̀ ni ọ́fíìsì àti owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta epo kpayo lẹ́bàá títì kò ní fẹ́ dárúkọ ohun tó ń ṣe fún àlejò. A kọ́ láti yí ìbéèrè náà padà báyìí: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, kí lo ṣe tó mú owó wọlé, ìbáà jẹ́ fún wákàtí kan?" Lẹ́yìn náà a ó máa ka àpẹẹrẹ fún un: ọjà títà, irun dídì, ẹrù rírù, zẹ́míjàn. Nígbà kan, ẹnì kan nínú wa tẹ ìdáhùn láìfi àmì sí i: "o wa ninu ise". Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá inú iṣẹ́ ni ọmọ náà wà tàbí inú ìṣẹ́. A ní láti pe ilé náà padà.

ỌMỌBÌNRIN TÍ ÌYÁ RẸ̀ BÁ DÁHÙN

Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ àṣìṣe wa kan fún yín. Ní ìlú kan nítòsí ẹnubodè, tí a kò ní dárúkọ, a dé ilé kan nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá ilé ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó fún wa ní àga, ó fún wa ní omi. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún 19, kò sí nílé. Ìyá ní, "Ẹ béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Aṣọ rírán ló ń kọ́. Ọdún kẹta nìyí, ó kù díẹ̀ kó gba ìyọ̀ǹda."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ ni kó dáhùn. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ló ṣì kù fún wa, ó sì ti rẹ̀ wá. A kọ ohun tí ìyá sọ: ọmọ iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kò gba owó. Ní alẹ́, gbogbo rẹ̀ bára mu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè jẹ́ kí a fura.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ yìí pé a máa ń ṣẹ́ kèké láti mú díẹ̀ nínú àwọn ilé tí a ti lọ, kí a tún padà lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kèké mú ilé yẹn. Ọmọbìnrin náà nìkan ni a bá. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dákẹ́ títí. Nígbà tí a sọ fún un pé a kì í mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó wá sọ òótọ́. Ó ti tó oṣù méje tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Owó ìyọ̀ǹda àti owó ẹ̀rọ ìránṣọ ni kò rí. Láràárọ̀ ló ń gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ jáde nílé, tó ń lọ ta omi tútù ní ibùdókọ̀, kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún ìyá mi."

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Nínú ìwé wa ti àná, ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa ni. Ní òótọ́, òun gan-an ni irú ọ̀dọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rán wa jáde: ẹni tó kọ́ṣẹ́ dé ẹnu ààlà, tí owó díẹ̀ sì dá a dúró. Bí a bá kọ irú rẹ̀ mẹ́wàá báyẹn, ẹni tó bá ka ìwé náà yóò sọ pé, "Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń lọ dáadáa níbẹ̀, ẹ gbé owó lọ síbòmíràn." Ìyá náà kò parọ́ fún wa, ohun tó mọ̀ ló sọ. Àwa ni a kò dúró de ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

A tún ìwé náà kọ. A kò sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí a ti ṣèlérí. Ọ̀kan nínú wa kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí ìyá bá mọ̀, bóyá yóò wá owó náà. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni a ṣe: a béèrè bóyá àgbà kan wà nínú ẹbí tí òun lè finú hàn. Ó dárúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. A ní kó lọ bá a.

ÈÉṢE TÍ WỌ́N FI FÚN ỌMỌ LÁGBÁJÁ, TÍ WỌN KÒ FÚN TÈMI?

Ìbéèrè yìí ni a máa ń gbọ́ jù níbi tí wọ́n bá ti fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìrànlọ́wọ́. Bí owó kò bá tó gbogbo ènìyàn, àwọn olùwádìí a máa ṣẹ́ kèké. Ìdí méjì ló wà. Kèké kò mọ ọmọ olóyè yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Bákan náà, bí a bá fi àwọn tí kèké mú wé àwọn tí kò mú, a ó lè mọ ohun tí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe gan-an, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2019, Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Michael Kremer gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi irú ọ̀nà yìí wádìí bí a ṣe lè dín ìṣẹ́ kù láyé.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ wá láti Ùgáńdà. Ní apá àríwá ilẹ̀ náà, tí ogun ti bà jẹ́, ìjọba ní kí àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní ọdún 2008, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó yege. Àwọn tí kèké mú gba nǹkan bíi dọ́là 382 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an. Christopher Blattman, Nathan Fiala àti Sebastian Martinez ló ṣe ìwádìí náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ fi ìdá 38 nínú 100 ju ti àwọn tí kò gbà lọ, irinṣẹ́ àti ohun ìní òwò wọn sì fi ìdá 57 nínú 100 jù ú lọ. Wọ́n tẹ èyí jáde ní ọdún 2014. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, a ó máa sọ títí di òní pé owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni oògùn. Ṣùgbọ́n wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n rí i pé àwọn tí kèké kò mú ti lé àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ní ti owó tó ń wọlé. Àwọn tó gba owó ṣì ní ohun ìní jù, wọ́n sì ṣì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọwọ́; ṣùgbọ́n ní ti èrè, wọ́n ti di ọgbọọgba. Èyí jáde ní ọdún 2020. Ẹni tó bá ni gbé ẹrù lérí ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n kò bá wa rù ú délé. Ta ni ó sì wá àwọn ọ̀dọ́ náà kàn lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn mìíràn ti ṣí lọ, tí àwọn mìíràn ti lọ sílé ọkọ? Àwọn tó ń rìn láti ilé dé ilé ni.

Nítòsí wa, ní Lomé, wọ́n mú 1500 ènìyàn tó ní òwò kékeré, ọ̀dọ́ àti àgbà. Wọ́n fi kèké pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ 500 bí a ṣe ń kọ ìwé owó àti bí a ṣe ń polówó ọjà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Wọ́n kọ́ 500 mìíràn láti máa dá ohun tuntun sílẹ̀, láti máa wo iwájú, láti má ṣe jáwọ́ nígbà ìṣòro. Wọn kò tíì kọ́ 500 tó kù. Láàárín ọdún méjì, èrè àwọn tí wọ́n kọ́ bí ìṣe fi ìdá 11 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ lọ, iye yẹn kò sì tó láti fi sọ pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Èrè àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa dá nǹkan sílẹ̀ fi ìdá 30 nínú 100 jù ú lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2017. Ẹni tó ń ná owó lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní láti mọ èyí.

A kò sọ pé kèké kò dun ni. Ìyá tí wọn kò mú ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ àlàyé wa, a kò sì bá a wí.

NÍWÁJÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Iṣẹ́ náà kò parí ní abúlé. Bí ọ̀dọ́ kan kò bá mọ iye tó pa, a máa ń kọ 9999 láti fi hàn pé kò mọ̀. Bí olùrànlọ́wọ́ bá gbàgbé èyí, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án pa 1000 fránkì lóòjọ́, ẹnì kẹwàá kò sì mọ iye tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò ka 9999 sí owó, yóò sì sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pa nǹkan bíi 1900 fránkì. Nínú ìwé, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di olówó ìlọ́po méjì. Nílé wọn, kò sí ohun tó yí padà.

Èyí ṣì sàn, àṣìṣe ni. Èyí tó burú ni ti ẹni tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó fi ọkàn ara rẹ̀ kọ ìdáhùn ilé mẹ́wàá tí kò dé. Kò jí owó ẹnì kankan. Ẹnu ìdílé mẹ́wàá ló gbà, tó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ WỌ́N YÓÒ BI LÉÈRÈ

Èkíní, ẹ béèrè káàdì ẹni náà àti ẹni tó rán an. Olóòótọ́ kì í bínú sí i. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, INStaD, tí a ń pè ní INSAE tẹ́lẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ìlú. Èkejì, ìwádìí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn. Ẹni tó bá béèrè owó, tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ fi ń gba owó lórí fóònù, ẹ lé e jáde, olè ni. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀, níbi tí etí kò pọ̀ sí. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ̀yin ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹrin, ẹ lè kọ̀ láti dáhùn. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ìdáhùn ni ìyẹn náà.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ mú ìṣirò àti ètò ọrọ̀ ajé ní ọ̀kúnkúndùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jù èdè ìyá yín nù. Ọmọ tó gbọ́ Faransé nìkan kò lè bá ìyá tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sọ̀rọ̀. A kò ní tàn yín: iṣẹ́ oṣù díẹ̀díẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àdéhùn a máa parí, a ó sì tún wá òmíràn. Síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ti bá a dé ibi gíga. Léonard Wantchekon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni. Òun ló dá African School of Economics sílẹ̀ ní Abomey-Calavi ní ọdún 2014. Ní ọdún 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn àti àtọmọdọ́mọ wọn nìkan ni ayé wọn dára sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn jèrè, àtọmọdọ́mọ àwọn tí kò kàwé ní abúlé tó ní ilé-ìwé pàápàá jèrè. Ohun tí àwọn àgbà wa ti ń sọ pé ọmọ tó kàwé, ti gbogbo ẹbí ni, ó ti wà nínú ìṣirò báyìí.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá dúró sí ẹnu ọ̀nà yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó sì béèrè iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe, ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò, ẹ fún un ní àga. Ẹ má ṣe dáhùn fún ọmọ náà. Ẹ pè é kí ó wá. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí òun náà ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.